Àyẹ̀wò ọdún 2024: Morayo ni tèmi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé àwo orin wo ni mo yàn fún ọdún yìí, ẹ kú ìdúró o. Lọ́dọọdún, márùn-ún ni mo máa ń tò sílẹ̀, láti orí èyí tó ṣe ipò karùn-ún títí dórí èyí tó gbégbá orókè. Lọ́dún yìí, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo mú wá: Morayo, àwo tí Wizkid gbé jáde lọ́jọ́ 22 oṣù kọkànlá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ohun tójú mi rí láti oṣù kẹsàn-án kò ní bi mí léèrè ìdí. Mo ṣì fẹ́ ṣàlàyé, torí Ẹ̀gbọ́n Tísà, ọ̀kan nínú àwa tí a jọ máa ń jiyàn orin, ní ọ̀rọ̀ Màmá mi tó lọ lóṣù kẹsàn-án ló ń darí mi, pé etí kọ́ ni mo fi yàn án.

Ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká fún àwọn tó kù ní ẹ̀tọ́ wọn, torí ọdún yìí kì í ṣe ọdún ọ̀dá orin rárá. Ayra Starr, ọmọ tí wọ́n bí sí Kùtọnu, gbé The Year I Turned 21 jáde nígbà tí oṣù karùn-ún ń parí lọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Tems gbé Born in the Wild dé. Lóṣù keje, Rema ju HEIS sáàárín ìgboro. Asake mú Lungu Boy wá lóṣù kẹjọ, oṣù náà ò sì tíì tán tí Fireboy fi gbé Adedamola jáde. Àwọn oṣù wọ̀nyí, bí kì í bá ṣe ti orin tó jáde nínú wọn, mi ò lè sọ ohun tí mo fi wọ́n ṣe.

Lọ́jọ́ Sátidé tí àwa tí a jọ máa ń jiyàn orin pàdé ní ọgbà ọ̀rẹ́ wa tí à ń pè ní Mẹkáníìkì, ní Mọ́kọ́lá, ariwo iyàn wa lórí àwo tó dára jù pọ̀ débi pé àwọn oníbàárà rẹ̀ gbàgbé ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó, àwọn náà ń dá sí i. Àbúrò mi obìnrin ló di HEIS mú. Orin mọ́kànlá, kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò sí àlejò òkè òkun kankan níbẹ̀: Shallipopi àti ODUMODUBLVCK nìkan ni Rema pè. Àbúrò mi ní àwọn yòókù ń wá ojúrere òyìnbó, Rema nìkan ló kọjú sílé, tó jẹ́ kí ìlù sáré kó sì le. Mo gbà fún un. Nínú gbogbo àwo ọdún yìí, òun ló láyà jù. Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ wa, ní ariwo lásán ni, pé Tems ló ní ohùn, pé àwo téèyàn lè fi sinmi nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn ni wọ́n ń pè ní àwo. Ẹ̀gbọ́n Tísà, ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n, Adedamola ni tiwọn, torí pé Fireboy pe Lágbájá àti Ṣeun Kútì sínú ẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tó bá kọ́kọ́ lọ kí àgbà nílé kó tó kọrin, òun ni àwọn máa gbọ́.

Ẹnì kan nínú àwọn oníbàárà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye èèyàn tó gbọ́ orin kọ̀ọ̀kan lórí Spotify. Mo ní kó gbé fóònù rẹ̀ sápò. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó jókòó ti àwo kan láti orin àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn, láì fo ọ̀kankan, nínú ọdún tí gíríìdì iná ń wó léraléra, tí lítà epo bẹntiróòlù kan kọjá ₦1,000. Bí o bá ti fi dátà rẹ àti bátìrì rẹ gbọ́ àwo kan tán, o lẹ́tọ̀ọ́ láti bá mi jiyàn.

Lungu Boy ni ì bá jẹ́ tèmi. Láti ìgbà tí Asake ti yọ ni mo ti ń tẹ̀ lé e, torí mo máa ń gbọ́ fújì nínú ohùn rẹ̀, mo máa ń gbọ́ wéré tí wọ́n fi ń jí wa ní sààrì. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, Màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní yàrá iwájú. Ẹsẹ̀ wọn ti wú, àbúrò mi ń fi òróró ra á fún wọn. Mo gbé fóònù sójú fèrèsé, mo tan "Active", èyí tí Asake àti Travis Scott jọ ṣe. Orin náà ò tíì rìn jìnnà tí Màmá fi gbórí sókè.

"Orin Àyúbà rèé!"

Mo ní, "Màmá, Asake ni." Wọ́n ní kí n má wulẹ̀ kọ́ àwọn ní orin ará ìlú àwọn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. "Raise Da Roof" tí Jazzman Olofin àti Adéwálé Àyúbà jọ kọ nígbà kan ni wọ́n fà yọ lò níbẹ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ sì ni Àyúbà, Ìkẹ́nnẹ́ náà ni wọ́n bí Màmá sí. Wọ́n ní kí n tún un tàn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mi èjìká, tòsì nìkan, torí tọ̀tún ti ń dùn wọ́n. Àbúrò mi gbé ìgò òróró kalẹ̀, ó ń jó fún wọn.

Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n lọ. Ẹ jẹ́ n sáré kọjá níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ pè, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi owó ránṣẹ́ láì jẹ́ kí a béèrè, Ọlọ́run ò ní fi irú rẹ̀ san án fún yín. Ìyá Ìbejì sùn tì wá fún ọjọ́ mélòó kan, ó bá wa bínú sí gbogbo ẹni tí kò jẹun. Ó bínú sí ààfáà pàápàá.

Ọjọ́ náà gan-an la sin Màmá, kílẹ̀ tó ṣú. Lọ́jọ́ kẹjọ, a ṣe fídáù, ààfáà ṣe wáàsí, oúnjẹ jáde, ó parí. Àwọn àgbà ilé ní kò sí ìlù, kò sí eléré. Mi ò bá wọn jiyàn, ẹ̀tọ́ wọn ni, owó náà ò sì sí. Ṣùgbọ́n Màmá mi kì í kúrò lóde tí fújì bá ti ń dún. Wọ́n á dúró ti eléré títí wọ́n á fi tú ẹ̀rọ palẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ lọ láì gba ìlù kankan. Ó dùn mí, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di òní.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Morayo jáde. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwa ọmọ wà nílé Màmá, à ń pín aṣọ wọn. Mo so fóònù mọ́ ẹ̀rọ Bluetooth kékeré, mo tan àwo náà. Ohùn K1 De Ultimate la kọ́kọ́ gbọ́, fújì pọ́nńbélé. Gbogbo wa dákẹ́. Orúkọ ìyá Wizkid ló wà lára àwo yẹn. Oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni wọ́n jáde láyé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ pé owó nìkan ni wọ́n máa ń ná lóde, tí wọn kì í jó, ló kọ́kọ́ dìde, gèlè Màmá lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó fi máa kan "Kese", kò sẹ́ni tó jókòó mọ́. Aṣọ òkè, léèsì, àǹkárá wà nílẹ̀ káàkiri, à ń wá àyè gbẹ́sẹ̀ sí láàárín wọn.

Ẹ̀gbọ́n Tísà ní bí àwo náà bá jẹ́ ti ìyá lóòótọ́, kí ló dé tí orin ìfẹ́ àti orin fàájì fi pọ̀ tó báyìí nínú orin mẹ́rìndínlógún? Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti lọ òde ìsìnkú àgbà rí. Ta ló ń sunkún níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́? Eléré á pe orúkọ olóògbé, á ki àwọn ọmọ, omijé á bọ́. Lẹ́yìn náà oúnjẹ á dé, ọtí á dé, àwọn ọ̀dọ́ á máa wo ara wọn lójú, ẹni tó wá bá wọn kẹ́dùn á pàdé ẹni tí ọkàn rẹ̀ yàn, àdúrà ni wọ́n á fi tú ká. Bí Wizkid ṣe to àwo rẹ̀ nìyẹn gẹ́lẹ́: fújì níwájú, ijó àti ìfẹ́ láàárín, "Pray" lẹ́yìn pátápátá. Mi ò sọ pé kò lábùkù o. Àárín rẹ̀ gùn, orin mẹ́ta mẹ́rin wà níbẹ̀ tó jọra jù, tí wọ́n bá sì yọ wọ́n, mi ò ní wá wọn. Síbẹ̀, òun ni mo gbọ́ látòkè délẹ̀ jù lọ lọ́dún yìí, òun ló sì ṣe òde tí a ò lè ṣe fún Màmá.

Nígbà tí a nawọ́ lọ́jọ́ Sátidé, HEIS ló borí. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló nawọ́ kún tèmi. Mo gbà fún wọn, ṣùgbọ́n iyàn ò tíì tán, torí ní ìparí ọdún 2024 tí mo ń kọ èyí, Rema àti Tems ṣì jọ ń díje fún àwo orin àgbáyé níbi ẹ̀bùn orin Grammy, "MMS" tí Asake àti Wizkid jọ kọ sì wà lára àwọn tó ń du ẹ̀bùn orin Áfíríkà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ fọkàn sí i jù. Lóṣù kejì ọdún 2024, gbogbo àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń du ẹ̀bùn orin Áfíríkà ló pàdánù, Tyla ọmọ Gúúsù Áfíríkà ló gbé e lọ.

Ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 2025 ni wọn yóò pín tọ̀tẹ̀ yìí ní Los Angeles. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, òru ni yóò bọ́ sí. Ilé Ìyá Ìbejì la ti máa wò ó. Mẹkáníìkì á gbé jẹnẹrétọ̀ wá, èmi ni màá ra epo. Ẹni tó bá ń bọ̀ kó tètè sọ, kí Ìyá Ìbejì lè mọ iye ẹ̀wà tó máa sè.