Mo Gbọ́, Ṣùgbọ́n Kò Yé Mi

Ọjọ́ Àìkú, lálẹ́

Ọmọ ọdún 16 kan nínú kíláàsì Bíbélì tí mo ń kọ́ dúró dè mí lẹ́yìn ìsìn lónìí. Ó gbé fóònù rẹ̀ sí mi lójú: oníwàásù kan ti ka oṣù, ó ti ka ọjọ́, ó ní ọjọ́ báyìí ni Jésù ń bọ̀. Ọmọ náà kò bá mi jiyàn. Ó kàn bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ṣì yẹ kí màmá mi san owó JAMB yìí?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ẹ̀kọ tútù ni ìyá rẹ̀ ń tà. Mo mọ bí owó yẹn ṣe ń jáde.

Mo ní kó jókòó, mo sọ ìtàn William Miller fún un. Àgbẹ̀ ni, ní ìpínlẹ̀ New York, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, kì í sì í ṣe ẹlẹ́tàn rárá. Ó ka Dáníẹ́lì 8:14, ó sọ ọjọ́ 2300 ibẹ̀ di ọdún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ọdún 457 ṣáájú Krístì, ó bá a dé 1843: ó ní láàárín oṣù kẹta ọdún yẹn sí oṣù kẹta ọdún 1844 ni Jésù máa padà wá. Nígbà tí gbèdéke rẹ̀ kọjá ní oṣù kẹta ọdún 1844, ó jẹ́wọ́ ní gbangba pé òun ṣàṣìṣe. Àwọn kan tún un kà, wọ́n ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ni. Ó lọ́ra kó tó gbà, ṣùgbọ́n ó gbà. Àwọn àgbẹ̀ kan fi irè oko wọn sílẹ̀ láìkórè. Wọ́n ṣọ́nà títí agogo méjìlá òru fi lù. Hiram Edson, ọ̀kan nínú wọn, ní àwọn sunkún sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mi ò lè fi ẹkún yẹn ṣẹ̀sín láé. Olúwa wọn ni wọ́n ń retí! Èmi náà ń retí rẹ̀. Pé ó ń bọ̀ dá mi lójú bí ilẹ̀ tí mo tẹ̀. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló sọ nínú Máàkù 13:32 pé Ọmọ pàápàá kò mọ ọjọ́ náà. Dáníẹ́lì ńkọ́, ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí ìran? Orí 12, ẹsẹ 8: "Mo gbọ́, ṣùgbọ́n kò yé mi." A kò bá a wí nítorí ìyẹn. Wọ́n ní kó máa bá tirẹ̀ lọ, a ti fi èdìdì di ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹnu Dáníẹ́lì bá gbà á, kí ló dé tí ó fi ń nira fún àwa olùkọ́?

Ó nira fún èmi gan-an. Ní ọdún 2009, mo kọ orúkọ olórí orílẹ̀-èdè kan sí ẹ̀gbẹ́ Ìfihàn 13 nínú Bíbélì mi. Mo kọ́ gbogbo kíláàsì pé òun ni ẹranko tó ń gbógun ti àwọn ènìyàn Ọlọ́run nínú orí yẹn. Ọkùnrin yẹn ti kú tipẹ́. Àwọn tí mo kọ́ ti bímọ, mi ò sì tíì sọ fún ẹnì kankan nínú wọn pé mo ṣì í.

Mo ní kí ọmọ náà lọ san owó JAMB rẹ̀, kó sì kàwé dáadáa. Ojú rẹ̀ wálẹ̀.

Mo ṣí ojú ìwé náà nígbà tí mo délé. Báírò ni mo fi kọ ọ́, kò ṣeé pa rẹ́. Mo fa ìlà sí i, mo kọ "kò yé mi" sábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú déètì òní. Ní Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, màá gbé e lọ síwájú kíláàsì.