"Mo Ti Mọ Ìwà Wọn, Kí Ni Wọ́n Ṣe?": Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Fífa Obìnrin Kalẹ̀ fún Àmì Ẹ̀yẹ

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fa obìnrin kalẹ̀ fún àmì ẹ̀yẹ, ọwọ́ ara mi ni mo fi ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Màmá kan ládùúgbò wa máa ń kọ́ àwọn àgbà obìnrin ní mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà yẹn, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń ṣe é, wọn kì í sì gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo rí fọ́ọ̀mù, mo jókòó tì í, mo kọ ojú ewé méjì gbáko. Onínúure ni wọ́n. Aláàánú ni wọ́n. Ìyá gbogbo ayé ni wọ́n. Ìgbà tí mo tún un kà, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú èmi tí mo kọ ọ́.

Ìgbìmọ̀ ò tiẹ̀ dá wa lóhùn.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, mo pàdé ẹnì kan tó ti jókòó nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ní kó bá mi wo ohun tí mo kọ. Ó kà á tán, ó gbójú sókè, ó ní, "Mo ti mọ ìwà wọn. Kí ni wọ́n ṣe?" Inú bí mi díẹ̀, kí n má parọ́. Ó wá ṣàlàyé pé bó bá jẹ́ ọkùnrin ló ṣe irú iṣẹ́ yìí, ohun táwọn èèyàn máa kọ ni pé ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Bó bá wá di ti obìnrin, wọ́n á ní ó lójú àánú. Iṣẹ́ kan náà, àmọ́ wọ́n ti sọ tọkùnrin di àṣeyọrí, wọ́n sọ tobìnrin di ìwà tí wọ́n bí mọ́ ọn. Ìgbìmọ̀ ò sì ní ibi tí wọ́n ti ń fún ìwà ní máàkì.

Mo padà sọ́dọ̀ Màmá, mo bi wọ́n bóyá wọ́n ní àkọsílẹ̀ kankan. Wọ́n ní àwọn ò ní. Wọ́n ní ìwé tí àwọn fi ń pe orúkọ nìkan ló wà, pé ìyẹn ò já mọ́ nǹkan. Wọ́n fa báàgì kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìwé mẹ́rin ló wà níbẹ̀, èyí tó pẹ́ jù ti ya léti. Nínú ìyẹn, Màmá fúnra wọn ló kọ orúkọ gbogbo, ẹni tó ni orúkọ á wá tẹ̀ka síwájú ẹ̀ pẹ̀lú tàdáwà. Mo mú orúkọ kan, mo ń fi ìka tọ̀ ọ́ láti ojú ewé dé ojú ewé. Ìka, ìka, ìka. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ìka ò sí mọ́, lẹ́tà ńlá kan tó dojú dé ló wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i, orúkọ ọ̀hún pé pérépéré, ó wọ́, ó sì fẹ́ jáde lórí ìlà, ṣùgbọ́n ó pé. A jókòó ka gbogbo ẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn mọ́kànlélógójì ló ti ìka bọ́ sí orúkọ.

Ojú ewé méjì nínú ìwé yẹn ni mo yà fọ́tò, mo bo orúkọ àwọn èèyàn, mo fi wọ́n mọ́ fọ́ọ̀mù kejì. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ kò ju ìlà mẹ́wàá lọ: bí nǹkan ṣe rí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe, iye ọdún, iye èèyàn, àti ohun tó ti yí padà. Mi ò pè wọ́n ní aláàánú níbì kankan.

Ti ẹlẹ́rìí náà gba ọgbọ́n. Nínú ètò ìdánilọ́lá ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnikẹ́ni ló lè fa ẹlòmíràn kalẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń béèrè ó kéré tán lẹ́tà ìjẹ́rìí méjì, ó sì lè gbà tó ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀ kí èsì tó jáde. Níbi tí àwọn ètò mìíràn ò ti béèrè lẹ́tà, ẹ fi sí i. Ẹ má gba méjèèjì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹni tẹ́ ẹ fà kalẹ̀. Ẹ gba ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tí iṣẹ́ náà ṣe láǹfààní, kí èkejì wá láti ọwọ́ ẹni tí kò jẹ wọ́n ní gbèsè kankan. Kẹ́ ẹ sì tètè bẹ̀rẹ̀, torí ẹlẹ́rìí a máa pẹ́ kó tó kọ̀wé ju bí ìgbìmọ̀ ṣe ń pẹ́ kó tó kà á lọ.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé iṣẹ́ gidi á sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀. Ní 1903, nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Faransé ń kọ orúkọ ránṣẹ́ fún ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì, Henri Becquerel àti Pierre Curie ni wọ́n dárúkọ fún iṣẹ́ lórí ìtànṣán tó ń jáde lára àwọn èròjà kan (radioactivity). Wọ́n fo Marie Curie, ìyàwó Pierre, ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ ọ̀hún tọ̀sán-tòru. Gösta Mittag-Leffler, onímọ̀ ìṣirò ará Sweden, ló ta Pierre lólobó, Pierre sì kọ̀wé padà pé bí wọ́n bá ń ro tòun, kí wọ́n ro ti Marie náà mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi orúkọ ẹ̀ kún un. Bí Marie Curie bá nílò ẹni tó máa dárúkọ òun, Màmá wa tó ní ìwé lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ńkọ́?

Àṣìṣe mi kejì ló burú jù. Obìnrin kan wà tó ń gba àwọn ìyàwó tí ọkọ ń lù sílé. Mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹ̀, mo fẹ́ kó yà á lẹ́nu ni. Ọjọ́ táwọn tó ṣètò àmì ẹ̀yẹ pè é pé àwọn fẹ́ wá ya fọ́tò ilé ẹ̀ ló tó mọ̀. Ó pè mí lórí fóònù, kò kí mi, ó ní, "Ta ló ní kó o sọ ibi tí ilé mi wà?" Obìnrin méjì wà nínú ilé náà lọ́jọ́ yẹn, àwọn ọkọ wọn sì ń wá wọn kiri. Ọjọ́ náà gan-an ni mo kọ̀wé yọ orúkọ ẹ̀ kúrò. Ó dárí jì mí, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ ẹ̀ létí mi mọ́.

Ní báyìí, fọ́ọ̀mù mìíràn wà lórí tábìlì mi, ti obìnrin kan tó ń gbọ́ ẹjọ́ aládùúgbò kó tó di ti ọlọ́pàá. Mo ti sọ fún wọn, mo sì ti ka ohun tí màá kọ sí etí wọn. Wọ́n ní kí n jẹ́ káwọn bá àwọn ọmọ àwọn sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan, mi ò sì tíì fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù.