Jíìpù Tó Lè Wọ Igbó J4, Kó Sì Jáde

Òjò oṣù kẹsàn-án kì í fi ojú rere wo ọ̀nà tó wọ igbó ọba Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn láti ìhà abúlé J4. Àwọn ọkọ̀ agbégẹdú ti fi táyà gbẹ́ ojú ọ̀nà náà di kòtò gígùn méjì tó jìn dé orúnkún, ilẹ̀ àárín wọn sì yọ sókè bí ẹ̀yìn ìjàpá. Orí ilẹ̀ àárín yẹn ni ikùn ọkọ̀ mi jókòó lé ní ọdún 2019. Bí mo ṣe ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tó, táyà iwájú méjèèjì kàn ń yí lófo ni, wọ́n ń fọ́n ẹrẹ̀ pupa lu gíláàsì, ọkọ̀ kò sì sún tó ìka kan. Wákàtí mẹ́ta gbáko ni mo fi dúró kí ọkọ̀ agbégẹdú kan tó kọjá. Okùn wáyà ni wọ́n fi fà mí jáde, bọ́ńpà iwájú sì bá okùn lọ.

Jíìpù ni gbogbo ènìyàn ń pe ọkọ̀ yẹn. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo rà á, nítorí pé ó ga, ó sì fẹ̀ lójú. Inú igbó ni mo ti wá mọ̀ pé àwọ̀ jíìpù ló wọ̀, egungun ọkọ̀ kékeré ló wà nínú rẹ̀, táyà iwájú nìkan ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń yí. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí fún ẹnikẹ́ni tó bá ń gbèrò láti ra ọkọ̀ tí yóò máa gbé e rìn kọjá ibi tí ọ̀dà parí sí.

Àwọn ọkọ̀ bíi Toyota Highlander àti Lexus RX dára púpọ̀ fún títì Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ̀, àmọ́ ìbátan Camry ni wọ́n, nítorí irú ìpìlẹ̀ kan náà ni wọ́n kọ́ wọn lé. Toyota 4Runner, Prado, Land Cruiser àti Lexus GX ní tiwọn dúró lórí ṣaásì irin tó dá yàtọ̀ sí ara ọkọ̀, irin yìí ló sì máa ń ru ìyà nígbà tí táyà kan bá wà nínú kòtò tí èkejì sì wà lórí òkìtì. Síbẹ̀, n kò ní sọ pé gbogbo ọkọ̀ tí kò ní irú ṣaásì bẹ́ẹ̀ ni kò wúlò, nítorí Land Rover Defender tó jáde láti ọdún 2020 kò ní in, kò sì sí ẹni tó lè pè é ní ọ̀lẹ. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò báyìí ni bóyá a kọ 4L sí ara bọ́tìnì tàbí ọ̀pá gíà rẹ̀.

4L yìí túmọ̀ sí pé àpótí gíà kejì wà nínú ọkọ̀, tó máa ń dín eré táyà kù kí agbára tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn lè pọ̀ sí i. Nínú 4Runner mi, ó tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ààbọ̀. Ọkọ̀ á máa rìn bí ẹni tó ru omi, kò ní já gììrì, kò sì ní gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ ara rẹ̀. Èkejì rẹ̀ ni lọ́ọ̀kì, ìyẹn ohun tó máa ń so táyà ọ̀tún àti ti òsì pọ̀ kí wọ́n lè jọ máa yí. Bí kò bá sí lọ́ọ̀kì, ibi tó rọrùn jù ni agbára ẹ́ńjìnnì máa ń sá lọ, ìyẹn táyà tó wà lófuurufú tàbí èyí tó ń yọ̀ lórí ẹrẹ̀, nígbà tí èyí tó tẹ ilẹ̀ ire á dúró láìṣe nǹkan kan. Ọkọ̀ tó ní 4L àti lọ́ọ̀kì ti borí ìdajì ìṣòro igbó.

Ti omi náà ń bẹ, pàápàá fún ẹni tó bá ń lọ sí apá Àbígí àti Ìwópin, níbi tí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ti kan ọ̀sà. Toyota sọ pé Prado oní-150 lè wọ omi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 70, Land Rover náà sì sọ pé Defender tuntun lè wọ èyí tó tó 90. Ẹ má ṣe torí èyí sọ ara yín sínú odò. Bí ẹ́ńjìnnì bá fa omi mu láti ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́, ó lè dákẹ́ pátápátá, nítorí náà igi ni mo máa ń mú, màá fẹsẹ̀ rìn ín kí n tó wakọ̀ kọjá.

Nígbà tí mo fẹ́ ra òmíràn, tókúnbọ̀ méjì ni mo rí: Lexus GX 470, tó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú Prado, àti 4Runner oní-V6. Ọkàn mi fà sí Lexus náà gan-an, nítorí ohùn V8 oní-lítà 4.7 yẹn dùn létí mi títí di òní. Mo mú mẹkáníìkì mi lọ láti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tó jù mí lọ dáadáa. Ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó rá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi sípánà kan ṣaásì láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ ń dún gan-gan-gan, àfi bó ṣe dé òkè táyà ẹ̀yìn tó di pọ̀-pọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá kan pákó tó ti jẹrà.

“Àbúrò, wá gbọ́ ohùn rẹ̀,” ni ó wí.

Ó fi ojú ibẹ̀ hàn mí. Wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú kùn ún mọ́lẹ̀, àmọ́ nígbà tó fi sikurudíráfà tẹ̀ ẹ́, irin náà wọlé bíi búrẹ́dì. Ní ìlú òyìnbó tí yìnyín ti ń bọ́, iyọ̀ ni wọ́n máa ń dà sí títì, iyọ̀ yìí ló sì ń jẹ abẹ́ ọkọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí a ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn. Ṣaásì 4Runner kò ní ìpatà kankan bí kò ṣe ti ojú, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ oní-lítà 4.0 sì ń lo ṣéènì dípò bẹ́líìtì tí ènìyàn gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ lásìkò bíi ti V8 yẹn. Ó tún ṣe pàtàkì sí mi pé a lè rí ẹni tú u ní Ògbẹ̀rẹ̀ tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé Èkó nìkan ni kọ̀ǹpútà tó lè ka àìsàn rẹ̀ wà, n kò lè gbé e wọ igbó.

Táyà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fojú fò. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bí ẹ bá rí 3616, ọ̀sẹ̀ 36 ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é, ó ti gbó kódà bí eyín rẹ̀ bá ṣì ga. Irú èyí tí wọ́n kọ A/T sí, tó wà fún títì àti ilẹ̀ igbó, ni mo lò. Nínú iyanrìn tàbí ẹrẹ̀, mo máa ń dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù láti psi 35 sí nǹkan bíi 20 kí ó lè tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ilẹ̀, pọ́ǹpù kékeré sì wà nínú búùtù tí mo fi ń fẹ́ ẹ padà kí n tó bọ́ sí títì. Ẹ̀sìtírà tó bá táyà yòókù dọ́gba gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo padà sí ojú ibi náà. Kòtò méjèèjì ṣì wà níbẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ti jìn sí i. Rúlà ni mo ti fi wọ̀n ọ́n pé abẹ́ 4Runner ga tó sẹ̀ǹtímítà 23, nítorí náà mo mọ̀ pé bí mo bá kó sínú kòtò méjèèjì, yóò jókòó bíi ti àkọ́kọ́. Mo dúró, mo yọ gíà sílẹ̀, mo yí i sí 4L, mo gbé táyà òsì lé òkìtì àárín, mo sì gbé ti ọ̀tún lé bèbè. Ọkọ̀ ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́, ó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹrẹ̀ ń ya sínú kòtò lábẹ́ wa. Nígbà tí mo dé òdìkejì, mo sọ̀kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mo wo abẹ́ rẹ̀. Ewé tútù kan ló há sára ṣaásì. Kò sí ohun tó já.