Ohun tí mótò fáànù tó jóná ní Kétu kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ iná àti ẹ̀rọ amúlétutù, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí ní Bẹ̀nẹ̀, ní Kétu tàbí ní Sábẹ̀ẹ́, mótò fáànù kan, ẹ̀rọ oníná tó ń yí fáànù, wà tí èmi fúnra mi jó níná. Ìyá kan tó ń ṣòwò àgbàdo ní Kétu ló ni ín. Láàárín ẹrù tòkunbọ̀ ní Kútọnu ló ti rà á, ó fẹ́ kó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ara ààrò sí àgbàdo rẹ̀, torí àgbàdo tí wọ́n bá kó nígbà òjò máa ń bàjẹ́ kó tó gbẹ.

Inú ẹ̀rọ amúlégbóná ni wọ́n ti tú fáànù náà, irú èyí tó wà nínú ilé àwọn ará Amẹ́ríkà àti Kánádà. Gáàsì á máa jó nínú irin, fáànù á fẹ́ afẹ́fẹ́ kọjá lára irin náà, afẹ́fẹ́ tó ti gbóná á sì gba ihò lọ sínú àwọn yàrá. Nígbà ooru, fáànù yìí kan náà ló ń gbé afẹ́fẹ́ tútù amúlétutù káàkiri ilé. Eré tó bá òtútù mu kì í sábà jẹ́ èyí tó bá ooru mu, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe mótò rẹ̀ kó ní eré bíi mẹ́ta.

Mo rí wáyà funfun tí iná ń gbà padà, dúdú, búlúù, pupa, pẹ̀lú búráùn méjì tó lọ sí kapásítọ̀, ohun kékeré tó ń tọ́jú iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀. Fóltì 115 ni wọ́n kọ sára rẹ̀, mo sì ti wá tiransífọ́mà tó ń sọ 220 wa di 110, nítorí náà kì í ṣe fóltì ló pa á. Èmi ni mo so dúdú, búlúù àti pupa pọ̀ lójú kan. Mo rò pé bí ẹnu ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé bá ṣe pọ̀ tó ni agbára á ṣe pọ̀ tó. Mótò náà kùn, kò yí dáadáa, láìpẹ́ èéfín yọ. Ìyá náà ò bá mi jà. Ó kàn ń wò mí. Èyí dùn mí ju èébú lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò mọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn wáyà mẹ́ta yẹn kì í ṣe ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wáyà bàbà kan ṣoṣo ni wọ́n yí lọ, ojú ibi mẹ́ta ni wọ́n ti yọ ẹnu síta lára rẹ̀. Tí iná bá gba dúdú wọlé, ìyípo bàbà tó máa gbà kọjá kéré, òòfà inú mótò á le. Tó bá gba pupa, gbogbo ìyípo ló máa gbà kọjá, fóltì kan náà á pín sórí ìyípo tó pọ̀, òòfà á rọ̀. Èmi wá fi ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ìyípo àárín so mọ́ra, iná ń yí po nínú wọn láìríbi lọ, títí tí bàbà fi jó.

Nítorí náà, ẹnu kan ṣoṣo ni kí ẹ fún ní iná. Àwọn tó kù, ẹ di ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ pẹ̀lú téèpù, torí tí mótò bá ń ṣiṣẹ́, fóltì wà lẹ́nu wọn bí ẹ kò tilẹ̀ fi iná sí wọn. Ẹ má gbára lé àwọ̀. Ẹ pa iná, kí ẹ fi mítà wọn òòmù, ìyẹn bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó, láti funfun sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí tó kéré jù ni eré tó yá jù, èyí tó pọ̀ jù ni eré tó lọ́ra jù.

Ohun kan wà tó pẹ́ kó tó yé mi. Ẹnu wáyà tí ẹ mú kì í yí eré tí òòfà fi ń yí po nínú mótò padà. Iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ló pinnu ìyẹn, àti iye òpó òòfà, ìyẹn orí òòfà àríwá àti gúúsù, tó wà nínú mótò. Iná wa ní Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ 50 Hz, ìyẹn ìgbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60. Nínú mótò olópòó mẹ́fà, òòfà á yí ìgbà 1200 ní ìṣẹ́jú kan lọ́hùn-ún, ìgbà 1000 níbí. Irin tó ń yí láàárín máa ń tẹ̀lé òòfà yìí lẹ́yìn ni, kì í bá a dọ́gba. Tí òòfà bá le, ó di irin náà mú ṣinṣin. Tó bá rọ̀, ẹrù fáànù á fa irin náà sẹ́yìn, eré á dínkù. Ẹ yọ fáànù kúrò lórí mótò kí ẹ dán an wò: pupa àti dúdú á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré bákan náà. Láti ọjọ́ tí mo ti rí i ni mi ò ti fi mótò tí kò ní fáànù lórí dájọ́ eré mọ́.

Lọ́dún kan nígbà ọyẹ́, wọ́n pè mí sí ilé kan nítòsí ọjà Ouando níbí. Amúlétutù wọn kò fẹ́ mọ́. Mo wọn iná tí mótò ń fà, áńpíà rẹ̀ kéré. Mo ní mótò ti rẹ̀, mo fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá mi ní kí n kọ́kọ́ yọ asẹ́ wò. Eruku ọyẹ́ ti dí i pátápátá. Fáànù alágbọ̀n, èyí tó rí róbótó tí abẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ yí ká, iṣẹ́ rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó bá gbé. Tí kò bá rí afẹ́fẹ́ gbé, ẹrù rẹ̀ fúyẹ́, ó tilẹ̀ ń sáré sí i, áńpíà á sì wálẹ̀. Bí mo bá pààrọ̀ mótò náà, owó àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ni ǹ bá fi ṣòfò.

Iná tó máa ń relẹ̀ lálẹ́ náà ń dín eré kù. Tí 220 bá di 180, agbára yíyí mótò á wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Kapásítọ̀ tó ti rọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, iye kan náà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sì ni kí ẹ fi pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má fi èyí tó tóbi jù sí i.

Àwọn mótò tuntun wá yàtọ̀ pátápátá. Mágínẹ́ẹ̀tì wà lára irin tó ń yí, bọ́ọ̀dù, pátákó kékeré tí wọ́n to àwọn ohun èlò iná sí, sì ni ọpọlọ rẹ̀. Bọ́ọ̀dù á sọ 220 di iná tààrà (DC) bíi fóltì 310, á wá máa pín in fún àwọn ìyípo bàbà létòlétò, kó yí ní eré tó bá fẹ́. Níbí ni owó iná ti ń dínkù gan-an: agbára tí fáànù ń fẹ́ máa ń tẹ̀lé eré lọ́nà mẹ́ta (eré × eré × eré), tí eré bá di ìlàjì, agbára á di ìdá kan nínú mẹ́jọ. Irú kan wà nínú wọn tí wọ́n pàṣẹ fún pé iye afẹ́fẹ́ kan ni kó máa gbé. Tí asẹ́ bá dí, ńṣe ló máa sáré sí i tí yóò sì fa iná púpọ̀. Òdìkejì ohun tí mo rí ní Ouando nìyẹn, nítorí náà ẹ mọ irú mótò tó wà níwájú yín kí ẹ tó ka áńpíà. Tí ẹ bá já iná rẹ̀, ẹ dúró ní ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán, kí ẹ sì wọn fóltì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Iná tó pa mọ́ sínú kapásítọ̀ bọ́ọ̀dù lè pa ènìyàn.

Ní ti ìyá Kétu, owó mi ni mo fi wá mótò mìíràn fún un, èyí tó ní eré mẹ́ta tó wà fún 220 àti 50 Hz. Àwọ̀ wáyà rẹ̀ kò jọ ti àkọ́kọ́, mítà ni mo fi mọ̀ wọ́n. Mo kọ́kọ́ fi sí eré tó ga jù. Afẹ́fẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n kò dúró lára irin ààrò pẹ́ tó láti gbóná. Ìyá náà na ọwọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde, ó mi orí. Mo pa iná, mo gbé e lọ sí wáyà àárín, mo di àwọn méjì tó kù. Ó tún na ọwọ́ síbẹ̀, ó ní, "Èyí ni mo ń wá."