Orin Kò Dákẹ́ Nínú Gọ́tà

Bọ́ńpà ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tó bá lọ tú mi fó, èmi pẹ̀lú onítọ̀hún la jọ máa fa á.

Iṣẹ́ ló fà á. Àwọn ọmọ Èkó kan ń ṣe áàpù orin, wọ́n ní kí n bá àwọn ya ojú áàpù náà tí awakọ̀ á máa lò lórí ìrìn. Mo kàwé sí i o! Mo kà á pé láti ọdún 2013 ni NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, ti ní kí nǹkan inú ọkọ̀ má ṣe gba ojú awakọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ lẹ́ẹ̀kan, kí àpapọ̀ rẹ̀ má sì kọjá àáyá 12 kó tó parí ohun tó ń ṣe. Mo tiẹ̀ ṣírò rẹ̀: bí ọkọ̀ bá ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú àáyá 2 yẹn á ti gbé e lọ tó mítà 44, ojú awakọ̀ ò sì sí lọ́nà. Kò sẹ́ni tí mi ò rò ó fún ní Mayfair, ní Ifẹ̀ níbí. Ìyá oníbúrẹ́dì mọ̀ ọ́n lórí.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan. Mo yọ àwòrán olórin. Mo yọ ibi tí wọ́n ti ń wá orin. Nígbà tí yíyọ wá wọ̀ mí lára, mo yọ bọ́tìnì tó ń dá orin dúró. Mo ní kí ni awakọ̀ fẹ́ dá orin dúró fún? Ó wá ku bọ́tìnì kan ṣoṣo, èyí tó ń lọ sí orin tó kàn. Ẹ ò rí bọ́tìnì! Ó pupa bí epo, ó gba ojú fóònù láti etí dé etí. Bí eṣinṣin bá bà lé e, orin á yí. Ẹni tó ń sùn á tẹ̀ ẹ́, kò ní tàsé.

Áàpù náà sì gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ọkọ̀ ń rìn. GPS ló yẹ kí n lò, àmọ́ èmi ọlọ́gbọ́n ní GPS ń jẹ bátìrì. Mo ní bí fóònù bá ṣáà ti ń mì, ọkọ̀ ń rìn nìyẹn. Ó di ìgbà tó bá dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó tú awakọ̀ sílẹ̀, kí orin tó lè dákẹ́.

Ó di Sátidé, mo fi ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi gbé Àǹtí mi, ó di Iléṣà, níbi ìkómọ. Orin ìyìn ń lọ, sípíkà kékeré wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ara tù wá.

Ẹ wá wo orí mi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn lè lo áàpù yẹn láì wò ó. Kí ni mo ṣe? Mo wò ó. Mo tún ń ka àáyá sókè: “Ení… èjì…” Àǹtí rò pé ihò ojú ọ̀nà ni mò ń kà, ó bá mi gbè é: “Ẹ̀ta!”

Ẹ̀ta yẹn ni gọ́tà.

Kò sì sí 80 kankan níbẹ̀ o. Bí mo bá sáré jù, 20 ni, ìyẹn mítà 11 péré. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ ìlànà yẹn, ṣé wọ́n ti gba ọ̀nà wa yìí rí ni? Mítà 11 tiwa gba ihò mẹ́ta àti ewúrẹ́ kan. Ohun tó wá dùn mí jù ni pé ọmọ Ifẹ̀ ni mí, ìlú tí Wọlé Ṣóyínká ti kọ́ni ní yunifásítì kó tó di alága àkọ́kọ́ fún FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó wa, ní 1988. Èmi rèé, nínú gọ́tà.

Àǹtí na ọwọ́ kó lè di nǹkan mú. Ibo ni ọwọ́ fẹ́ bà tí kì í ṣe bọ́tìnì mi? Orin ìyìn lọ, Àyìnlá Ọmọwúrà wọlé, ó ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí àwọn ọ̀tá rẹ̀. Sípíkà ti yí wọ abẹ́ ìjókòó, ọwọ́ ò tó o. Àwọn ọmọkùnrin kan sáré wá tì wá. Bí wọ́n ṣe ń ti ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni fóònù ń mì, áàpù gbà pé ìrìn àjò ti dùn.

Mo pariwo: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì í mọ́! Ẹ jẹ́ kó dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí orin lè dákẹ́!”

Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan ní, “Ọ̀gá, ṣé ọkọ̀ ló kó sí gọ́tà ni àbí orin?”

Ẹ óò ní kí ló dé tí mi ò kàn pa fóònù. Ẹ kú ọgbọ́n. Tèmi ti ṣàn bá omi gọ́tà lọ. Àǹtí ní tirẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù, èjìká rẹ̀ ń jó.

Nígbà tí a jáde, ọ̀rọ̀ di ti owó. Mo ní màá padà wá san án. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan lóṣòó síwájú ọkọ̀ gbọnrangandan. Òṣómàáló tí bàbá ń sọ, ojú mi rí i lọ́jọ́ náà. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ló gbé e dìde.

Àwọn ọmọ Èkó ti ní kí n lọ dá bọ́tìnì padà. Àǹtí nìkan ló ń lo áàpù náà báyìí, nílé ìdáná, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́ bí ọwọ́ rẹ̀ bá wà nínú èlùbọ́. Ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí. Àmọ́ lọ́jọ́ Túsìdeè tó kọjá ó pè mí, ìró odó ń mi gbogbo ilé lẹ́yìn rẹ̀:

“Kọ́lá, iyán ni mò ń gún o. Kí ló dé tí fóònù ní kí n rọra wakọ̀?”