Ohun tí ọmọ yà lẹ́yìn oúnjẹ kì í ṣe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn abiyamọ, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ: pé oúnjẹ kì í dúró nínú ọmọ àwọn, pé bó bá ti mu ẹ̀kọ tán, kíá ni yóò yà á. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an, nítorí ohun tó sábà máa ń tẹ̀ lé e ni pé wọn yóò dín oúnjẹ ọmọ náà kù, wọn yóò ní kí inú rẹ̀ kọ́kọ́ sinmi ná. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ tí ọmọ mu ní àárọ̀ kò lè dé ìdí rẹ̀ kí abọ́ tó gbẹ. Ọ̀nà náà jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi òkèlè iyán kan ṣe àpẹẹrẹ. Iyán kì í pẹ́ lẹ́nu, nítorí gbígbé là ń gbé e mì. Bí ahọ́n bá ti tì í sẹ́yìn, gògóńgò yóò gòkè, ìdérí kékeré kan yóò sì bo ọ̀nà èémí kí iyán má bàa gba ibẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ tàbí tó ń rẹ́rìn-ín lásìkò yìí gan-an ni oúnjẹ ń pá lórí. Láti ibẹ̀, kì í ṣe pé òkèlè náà já bọ́ sínú ikùn bí òkúta ṣe ń já bọ́ sínú kànga. Iṣan tó yí ọ̀nà ọ̀fun ká ni ó ń fún un láti ẹ̀yìn, tó sì ń dẹ̀ níwájú rẹ̀, títí yóò fi rin nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 dé àpòlúkù láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ibi tó yá jù lọ nínú gbogbo ìrìn àjò rẹ̀ nìyẹn.

Àpòlúkù ni oúnjẹ ti kọ́kọ́ ń pẹ́, ara ọkùnrin kan tó fara gba ọta ìbọn ni wọ́n sì ti rí púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ibẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1822, ìbọn ṣèèṣì yìn ní erékùṣù Mackinac ní Amẹ́ríkà, ọta rẹ̀ sì ba Alexis St. Martin, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Kánádà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn oníṣòwò awọ ẹranko. William Beaumont, tó jẹ́ dókítà àwọn ọmọ ogun, tọ́jú rẹ̀ títí ó fi yè, ṣùgbọ́n ihò tó wọ àpòlúkù rẹ̀ kò dí mọ́ títí ó fi kú ní 1880. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1825, ní aago méjìlá ọ̀sán, Beaumont so oríṣiríṣi ẹran, búrẹ́dì àti kábéèjì tútù mọ́ okùn sílíìkì, ó sì tì wọ́n gba ihò náà wọlé. Nígbà tó fà wọ́n jáde ní aago kan, búrẹ́dì àti kábéèjì ti dà dé nǹkan bí ìdajì, ẹran kò sì tíì yí padà. Ó tún dá wọn padà. Ní aago méjì, àwọn kan nínú ẹran náà ti dà tán lára okùn, àwọn mìíràn ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà bí wọ́n ṣe wà. Inú mi kò dùn sí bí wọ́n ṣe sọ ara ọkùnrin náà di ibi ìdánwò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ohun tí okùn yẹn fi hàn kò ṣeé sẹ́: oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ló ní àkókò tirẹ̀.

Omi kì í pẹ́ ní àpòlúkù. Iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó lépo lè lo wákàtí méjì sí mẹ́rin níbẹ̀, nítorí ọ̀rá máa ń mú kí ilẹ̀kùn tó kọjú sí ìfun kékeré jọ̀wọ́ oúnjẹ díẹ̀díẹ̀. Nínú ìfun kékeré, tó gùn tó nǹkan bíi mítà 6, òróòro àti àwọn omi ara mìíràn yóò dà lé e lórí, ohun aṣaralóore inú rẹ̀ yóò sì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn náà tún gba wákàtí díẹ̀. Ìyókù yóò wọ ìfun ńlá, tó kúrú gan-an sí ti àkọ́kọ́, síbẹ̀ ibẹ̀ ló ti ń pẹ́ jù, ó sábà máa ń ju ọjọ́ kan lọ, bí ara ṣe ń fa omi rẹ̀ padà. Ẹni tó bá jẹ àgbàdo sísè lè fi ojú ara rẹ̀ wò ó: awọ rẹ̀ tí kì í dà ni yóò sọ ọjọ́ tó jáde.

Kí wá ni ọmọ yà lẹ́yìn ẹ̀kọ? Bí oúnjẹ bá ti wọ àpòlúkù tó sì fẹ̀, ara yóò ránṣẹ́ sí ìfun ńlá pé kó ti ohun tó wà nínú rẹ̀ síwájú, ìránṣẹ́ yìí sì máa ń lágbára lára ọmọ ọwọ́ àti ní àárọ̀. Oúnjẹ àná tàbí ti ìjẹta ló ń jáde láti fi àyè sílẹ̀ fún tòní.

Ìgbẹ́ gbuuru yàtọ̀, nítorí oúnjẹ ń yára kọjá nígbà náà. Síbẹ̀, omi àti iyọ̀ ara ọmọ fúnra rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń tú jáde, ìfun rẹ̀ ṣì ń rí púpọ̀ nínú oúnjẹ náà lò. Nítorí náà, ẹ má gba ọmú tàbí oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ fún un ní omi ORS, ìyẹn omi tí a po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ láti dá omi ara padà, kí ẹ sì béèrè oògùn zinc tí yóò lò fún ọjọ́ 10 sí 14. Bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tí kò lè mu nǹkan, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Bó bá sì ti yá, ẹ fi oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan kún èyí tó ń jẹ lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì.