Ẹ̀wù Òjé Kì í Ṣe Aṣọ Tí À Ń Ká

Nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún tó kọjá, mo tẹ́ gbogbo ẹ̀wù òjé tó wà ní yàrá wa, èyí tí a ń wọ̀ kí ìtànṣán má bàa kàn wá lára, sórí tábìlì ẹ̀rọ, mo sì ń fi ìtànṣán X-ray yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mò ń darí ẹ̀rọ náà nígbà tí àwọn dókítà bá ń wo iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn ní ilé ìwòsàn kan níbí ní Ìbàdàn. Ẹ̀wù kẹta ló dá mi dúró. Gbogbo ara rẹ̀ ṣú dùdù lójú kọ̀ǹpútà bó ṣe yẹ, àfi ìlà funfun kan tó gùn tó ìka mi, níbi tí òjé ti ya tí ìtànṣán sì ń gbà kọjá, ní ọ̀gangan ìbàdí, níbi tí ọ̀gá wa ti máa ń ká a kí wọ́n tó fi kọ́ ẹ̀yìn àga.

Mo pe ọ̀gá wa pé kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n fi ìka tọ ìlà náà, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, “Láti ìgbà wo ló ti wà báyìí?” Mi ò rí èsì fọ̀, nítorí èmi gan-an ni ó yẹ kí n ti yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún tó ṣáájú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé láti inú ẹ̀rọ tààrà ni ewu ti ń bá dókítà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ tábìlì ni ìtànṣán sábà máa ń ti jáde, tí yóò gba àyà aláìsàn kọjá lọ bá àwo tó ń gba àwòrán lókè. Èyí tó bá kọlu ara aláìsàn tó sì fọ́n ká ni ó ń ba ẹni tó dúró tì í. Ẹni tó bá ti dúró lórí òkè Mápó lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn ń ràn sórí pánù tuntun kan ṣoṣo láàárín àwọn òrùlé tó ti dípẹtà, yóò mọ ohun tí mò ń wí: òkè ni oòrùn wà, ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń ta á lójú.

Bí ènìyàn bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí aláìsàn, ìtànṣán tó ń kàn án yóò dín kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Nọ́ọ̀sì lè sún sẹ́yìn, èmi náà lè sún, ṣùgbọ́n dókítà tó di rọ́bà tínńrín tí wọ́n ń tì gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ mú ní ọrùn ọwọ́ aláìsàn kò ríbi sún sí. Ọwọ́ ọ̀tún aláìsàn ni wọ́n ń dúró sí, tí apá òsì tiwọn sì kọjú sí ẹ̀rọ, èyí ló fà á tí ojú òsì àti apá òsì orí fi ń gbà á ju ọ̀tún lọ. Ní ọdún 2011, ICRP, àjọ àgbáyé tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ààbò lọ́wọ́ ìtànṣán, dín ìwọ̀n tí ẹyinjú òṣìṣẹ́ lè gbà lọ́dún kù láti 150 millisievert (òṣùwọ̀n ìtànṣán tó wọ ara) sí 20, nítorí kàtárákì, àìsàn tó ń mú ẹyinjú di kùrukùru. Síbẹ̀, mo ṣì ń rí gíláàsì òjé tí wọ́n so mọ́ àjà láti dáàbò bo ojú àti orí tí wọ́n tì sápá kan, torí pé ó ń dí wọn lọ́wọ́.

Mi ò bá wọn wí púpọ̀ lórí ẹ̀wù. Ó wúwo, ẹ̀yìn sì ni gbogbo wákàtí tí wọ́n fi dúró ń já lé. Ọ̀rọ̀ báàjì tó ń ka ìtànṣán ni n kò lè gbójú fò: ó yẹ kí ọ̀kan wà lábẹ́ ẹ̀wù, kí èkejì wà níta ní ọrùn, ṣùgbọ́n inú dúrọ́ọ̀ ni mo ti bá ti ẹnì kan. Àbájáde rẹ̀ dára gan-an ni!

A ti yọ ẹ̀wù tó ya náà kúrò nínú iṣẹ́. Káfíńtà kan ní Mọ́kọ́lá bá wa ṣe ìkọ́ onígi tó nípọn, ọ̀gá wa ló sì kọ́kọ́ gbé tiwọn kọ́ láìká. Mo lẹ bébà mọ́ ìkọ́ kọ̀ọ̀kan, mo kọ ọjọ́ àyẹ̀wò tó ń bọ̀ sí i, mo sì fọwọ́ sí i.